Ẹ Gba Ilé Ìdáná Wọlé

Láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn ni ẹsẹ̀ Dobe kò ti ríbi gúnlẹ̀ sí. Bó bá jókòó, yóò dìde. Bó bá dìde, ojú fèrèsé ni yóò gbà lọ. Bó bá dé ojú fèrèsé, yóò fi èékánná ha yìnyín tó dì mọ́ dígí, yóò yọjú wo ọ̀nà odò, yóò sì yára padà sídìí ààrò bí ẹni pé ààrò ló pè é. Wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí ọkọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà ni kí ẹ bi bí ọbẹ̀ náà ṣe gbóná tó.

Oníṣẹ́ dígí ni Kalmen, ọkọ Dobe. Tí òtútù bá ti dé sí Olishkov, ìlú kékeré àwọn Júù, tí ìjì ń fọ́ fèrèsé àwọn ará oko, Kalmen a fi koríko gbígbẹ wé dígí rẹ̀, a tò ó sórí pákó tí wọ́n ń fà lórí yìnyín, a sì gba orí odò tó ti dì kọjá sí àwọn abúlé òdìkejì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ti lọ. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wé aṣọ mọ́ ọrùn.

"Dobe, bí mo bá pẹ́, má dúró dè mí o. Tan fìtílà Hánúkà fúnra rẹ. Má jẹ́ kí fèrèsé wa ṣókùnkùn ní alẹ́ ọjọ́ kankan. Fèrèsé oníṣẹ́ dígí ni, gbogbo ìlú ló ń wò ó."

"Èyí tí o fi bébà lẹ̀ níbi tó ti sán yìí ni gbogbo ìlú ń wò?"

"Bébà ń jẹ́ kí iná tàn rọra," ni Kalmen wí, ó sì rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìwọ sá ti tan tìẹ. Títàn ni tiwa; jíjó, ọwọ́ Ọlọ́run ló wà."

Ọ̀rọ̀ tí Kalmen fẹ́ràn jù nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé bí ènìyàn bá tan iná Hánúkà bó ti yẹ, tí afẹ́fẹ́ sì pa á, kì í ṣe ọ̀ranyàn kó tún un tàn. Ó ti ṣe tirẹ̀. Dobe a máa fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní irú ohun tí ọkùnrin máa ń sọ nìyẹn nígbà tí kò bá fẹ́ dìde lórí àga.

Àjọ̀dún ìmọ́lẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ ni Hánúkà, alaalẹ́ ni Dobe sì ń tàn án. Iná kan ní alẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n a sì máa fi ọ̀kan kún un lójoojúmọ́, nítorí pé nínú ohun mímọ́, òkè là ń lọ, a kì í sọ̀ kalẹ̀. Bí iná náà bá ti ń jó, obìnrin kì í ṣiṣẹ́. Kò ní ránṣọ, kò ní fọ àwo, kò ní bó ọ̀dùnkún. Wọ́n ní nítorí pé àwọn obìnrin náà lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìyanu àtijọ́ yẹn ni, nígbà tí ọ̀tá sọ Tẹ́ńpìlì di aláìmọ́, tí ó fi jẹ́ pé ìgò òróró mímọ́ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù, òróró ọjọ́ kan péré, tó sì jó fún ọjọ́ mẹ́jọ títí òmíràn fi dé. Àwọn obìnrin Olishkov máa ń yọ̀ sí ìsinmi kékeré náà bí ẹni rí owó he. Dobe kò lè yọ̀. Ọwọ́ tó bá dilẹ̀ ni ọkàn ń rí àyè sáré. Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ yẹn, bó ti ń jókòó ti iná náà, ojú rẹ̀ wà lára iná, ṣùgbọ́n etí ló fi ń wo odò.

Odò náà kò tíì dì tán ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹṣin ará oko kan jìn sínú rẹ̀ tòun ti ìdì igi tó ń fà. Igi nìkan ló léfòó. Dígí kì í sì í léfòó.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yìí, ara Dobe kò gbà á mọ́. Ó ju ìborí sórí, ó sáré lọ sí etí odò, ó dúró níbẹ̀ títí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kú. Kò sí ẹyẹ, kò sí ènìyàn, àfi apẹja kan tó ń kó àwọ̀n rẹ̀ kúrò lórí omi dídì pẹ̀lú ìkánjú.

"Ìyá, ẹ má tẹ ibẹ̀ o!" ni apẹja náà pariwo. "Láti àárọ̀ ni àárín rẹ̀ ti ń là. Kò sẹ́ni tó lè kọjá lónìí. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún!"

Dobe gbọ́ ọ. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn fa aṣọ tuntun ya láti òkè délẹ̀. Ìró yẹn ló gbé délé nínú etí, òun náà ló ń gbọ́ nígbà tó ń ti ìkòkò oúnjẹ Ìsinmi, ọjọ́ mímọ́ tó ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bọ inú ààrò, òun náà ló ń gbọ́ nígbà tó ń tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa àgbàlá náà díẹ̀. Ilé méjì ló kọjú síra wọn níbẹ̀, ti Dobe, àti ti Rikla opó. Rikla ju Dobe lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí wọ́n mú Dobe wá gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pọnmi, Rikla ló fà á lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n" ni Dobe ń pè é. Wọ́n jọ ń yá ara wọn ní iyọ̀, wọ́n jọ ń dá ẹjọ́ gbogbo ìlú láti ojú fèrèsé. Ahọ́n àti eyín a máa jà, wọ́n a sì tún máa gbé ẹnu kan náà. Ṣùgbọ́n ìjà tó wà láàárín àwọn méjèèjì nísinsìnyí ti pé ọdún kan, ìjà ọ̀rá sì ni.

Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin Olishkov fi ń pa pẹ́pẹ́yẹ ọlọ́rùn gígùn nígbà Hánúkà, nígbà tó bá sanra jù, tí wọ́n ń yọ́ ọ̀rá rẹ̀ pamọ́ de Àjọ Ìrékọjá, nígbà tí yìnyín bá ti yọ́ tán. Ọ̀rá Ìrékọjá kì í ṣe ọ̀rá lásán. Ìkòkò rẹ̀ ọ̀tọ̀, ṣíbí rẹ̀ ọ̀tọ̀, ẹ̀rún búrẹ́dì kò sì gbọdọ̀ kàn án, nítorí pé búrẹ́dì oníwúkàrà, èèwọ̀ ni nígbà Ìrékọjá, ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ní Hánúkà èṣí, Dobe dúró ti ọ̀rá rẹ̀ lórí iná, ó ń rò ó bí ẹni ń tọ́jú ọmọ tuntun. Rikla sì gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ìdáná, ó ń jẹ búrẹ́dì bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n! Búrẹ́dì!" ni Dobe ké.

"Búrẹ́dì wo?" ni Rikla wí, ẹnu rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú.

Dobe ní ẹ̀rún já bọ́ sínú ìkòkò. Rikla ní kò já bọ́. Dobe ní òun fi ojú òun méjèèjì rí i. Rikla ní ojú tí kò rí ihò tó wà lára ìbọ̀sẹ̀ Kalmen láti ọdún mẹ́ta, òun ló wá rí ẹ̀rún? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dobe na ìka sí ẹni tó jù ú lọ, ó ní, "Ẹsẹ̀ rẹ kò gbọdọ̀ tẹ ilé ìdáná mi mọ́ títí Mèsáyà yóò fi dé!"

"Tó bá dé gan-an," ni Rikla dáhùn, "èéfín ibẹ̀ á lé e padà!"

Ọ̀rá náà di ọ̀rá ojoojúmọ́. Nígbà tí Ìrékọjá dé, Kalmen jẹ ọ̀dùnkún láìsí ọ̀rá, ó sì ń mí kanlẹ̀ lórí àwo. Láti ìgbà náà, Dobe àti Rikla kò kí ara wọn. Bí ọ̀kan bá jáde wá yọ omi, èkejì á dúró sínú ilé títí korobá á fi kún. Ohun kan ṣoṣo tí Dobe kò yéé sọ nípa Rikla, tó sì ń rí i dájú pé ó ń dé etí rẹ̀, ni pípẹ́ tó máa ń pẹ́. Gbogbo ìlú á ti tan àbẹ́là Ìsinmi, wọ́n á ti wọ aṣọ mímọ́, Rikla á ṣì máa ha ìdí ìkòkò. Dobe a ní, "Ìsinmi ti Rikla? Ọ̀pá ló fi ń rìn." Àwọn obìnrin tó ń pàdé ní ilé ìwẹ̀ ìlú a sì rẹ́rìn-ín.

Ó dáa. Oòrùn ọjọ́ Ẹtì yẹn ti wá rẹlẹ̀, ó pọ́n lórí òrùlé bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Dobe ti to gbogbo nǹkan síbi tó yẹ. Fìtílà idẹ wà lójú fèrèsé, òwú rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó sì ti da òróró sí i ju ti àwọn ọjọ́ yòókù lọ, nítorí iná Hánúkà ti ọjọ́ Ẹtì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè, kó sì jó títí ìràwọ̀ á fi yọ. Àbẹ́là Ìsinmi wà lórí tábìlì. Ọmọ kékeré ní Olishkov mọ ètò rẹ̀: Hánúkà ni ó ṣáájú, Ìsinmi ló tẹ̀lé e. Tí obìnrin bá ti tan àbẹ́là Ìsinmi, Ìsinmi ti wọlé bá a nìyẹn. Kò tún gbọdọ̀ ṣá ìṣáná mọ́ títí di alẹ́ ọjọ́ kejì.

Dobe mú ìṣáná lọ́wọ́. Ó ń dúró díẹ̀ sí i. Bóyá Kalmen á dé. Bóyá ó ti wà ní ìkòríta. Díẹ̀ sí i.

Gbà, gbà, gbà! Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Dobe fò bí ẹni tí iná ta sí lára. "Kalmen!" Ó já ilẹ̀kùn ṣí. Kalmen kọ́. Bàbá arúgbó tó ń tọ́jú sínágọ́gù ni, òòlù igi rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń lọ láti ilé dé ilé bó ti máa ń ṣe.

"Ìsinmi dé o, ẹ̀yin obìnrin! Ẹ tan iná! Ẹ tan iná!" Ó wo ojú Dobe. "Ọkọ yín ò tíì dé?"

"Kò tíì dé."

"Ọlọ́run wà," ni bàbá náà wí, ó sì kọjá lọ, òòlù rẹ̀ ń dún lára fèrèsé àwọn ẹlòmíràn.

Dobe padà wọlé. Ojú rẹ̀ là, kò ríran. Ọkàn rẹ̀ wà lábẹ́ omi dídì, ó ń wá ènìyàn. Ọwọ́ rẹ̀ ṣá ìṣáná bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì láti ìgbà tó ti di ìyàwó ilé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ sídìí tábìlì. Ó tan àbẹ́là, ó fi ọwọ́ fa ìmọ́lẹ̀ wọn sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó súre. Lẹ́yìn ìwúre, ó gbàdúrà fún Kalmen pẹ́. Ó bẹ Ọlọ́run nítorí dígí, ó bẹ̀ Ẹ́ nítorí pákó, ó bẹ̀ Ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún Kalmen tó máa ń dùn ún.

Nígbà tó ká ọwọ́ kúrò lójú, ohun tó kọ́kọ́ rí ni fèrèsé. Òwú fìtílà Hánúkà dúró síbẹ̀, wọ́n funfun, wọn kò rí iná.

"Yéè," ni Dobe wí. Kò pariwo rẹ̀. Ó jókòó, ó dìde. Ó sún mọ́ fìtílà, ó na ọwọ́ sí i, ó fà á sẹ́yìn bí ẹni pé ó gbóná. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Dobe wo ẹ̀yìn, àbẹ́là Ìsinmi méjì ń wò ó láti orí tábìlì, wọ́n ń jó dáadáa. Kò sí bí a ṣe lè dá wọn padà sí àìtàn.

Má jẹ́ kí fèrèsé wa ṣókùnkùn ní alẹ́ ọjọ́ kankan. Ohun kan ṣoṣo tí Kalmen bẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Dobe kì í ṣe ẹni tó ń gba àmì burúkú gbọ́, ó máa ń fi àwọn tó gbà á gbọ́ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ó dá a lójú bí ẹni ríran pé bí fèrèsé yìí bá ṣókùnkùn lónìí, Kalmen kò ní rí ọ̀nà délé mọ́.

Ẹlòmíràn lè tàn án fún un, bó bá ti jẹ́ ẹni tí Ìsinmi kò tíì wọlé bá. Dobe mọ ìyẹn. Ó sáré jáde sí àgbàlá, ó yọjú sí ojú pópó. Àwọn ọkùnrin ti lọ sí sínágọ́gù tán. Ó wo fèrèsé ìyàwó aláró: àbẹ́là Ìsinmi ti ń jó níbẹ̀. Ó wo ti ìyá arúgbó tó ń ta ẹyin: àbẹ́là ti ń jó. Ó wo ti ẹ̀gbẹ́ kànga: wọ́n ti tan tiwọn. Gbogbo ìlú ló yá lónìí. Oòrùn ti tẹ̀ sórí òrùlé, díẹ̀ ló kù.

Ó wá yí ojú padà síbi tí kò fẹ́ wò. Ní fèrèsé Rikla, iná Hánúkà ń jó, Shaye ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti tàn án kó tó lọ sí sínágọ́gù. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn iná yẹn, tábìlì ṣókùnkùn. Láti inú ilé, ènìyàn lè gbọ́ ọ kedere: hàrà, hàrà, hàrà. Rikla ń ha ìdí ìkòkò.

Àgbàlá náà kò fẹ̀. Dobe kò mọ̀ pé ó jìn tó bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀kùn Rikla.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Èmi wo? Èmi pọ̀ ní Olishkov."

"Dobe ni."

Híha ìkòkò dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ó sì ṣí díẹ̀. Rikla dúró níbẹ̀, apá aṣọ rẹ̀ ká sókè, àkísà tútù lọ́wọ́.

"Ṣé Mèsáyà ti dé ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n! Háà. Ọ̀rọ̀ yẹn ti rìnrìn àjò, ó ti padà dé."

"Ẹ ò tíì tan àbẹ́là Ìsinmi?"

"O wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé ẹnu ọ̀nà mi? Lọ sọ ọ́ ní ilé ìwẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń dùn."

"Mi ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ máa ń pẹ́." Dobe nawọ́ sí fèrèsé tirẹ̀ lódìkejì. "Mo ti tan tèmi. Mo tàn án ṣáájú Hánúkà."

Ọwọ́ tí Rikla fi mú àkísà wálẹ̀. "Ṣáájú?"

"Ṣáájú."

"Ìwọ? Ìwọ Dobe tó ń kọ́ adìẹ rẹ ní òfin?"

"Orí mi kò sí níbẹ̀. Kalmen kò tíì dé. Odò ti là, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ. Òun ló ní kí n má jẹ́ kí fèrèsé ṣókùnkùn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bínú sí mi ní ọjọ́ Àìkú. Oòrùn ń lọ."

Ojú Rikla yí padà. Dobe rò pé àánú ni. Obìnrin náà wo ilẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ, ó tún un nù.

"Jẹ́ ká lọ," ló wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Wọ́n wọlé. Rikla dúró níwájú fìtílà bí àlejò. "Ta ló máa súre? Iná rẹ ni, ọwọ́ mi ni."

Dobe rántí. Ọ̀rọ̀ bí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó aláró rí, ìyàwó rábì sì dá ẹjọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wọn. "Ẹni tó tàn án ló máa súre àkọ́kọ́, torí ọwọ́ rẹ̀ ló ṣiṣẹ́. Ìkejì, èmi lè sọ ọ́. Ọpẹ́ kì í ṣe iṣẹ́."

Rikla ṣá ìṣáná. Ó tan èyí tí wọ́n ń pè ní ìránṣẹ́, iná tó dá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a fi ń tan àwọn yòókù, ó mú un lọ́wọ́.

"Ìbùkún ni fún Ọ, Olúwa Ọlọ́run wa, Ọba gbogbo ayé, ẹni tó fi òfin Rẹ̀ yà wá sí mímọ́, tó sì pàṣẹ fún wa láti tan iná Hánúkà."

"Àmín," ni Dobe wí. Ó wá gbé ohùn tirẹ̀ sókè, ohùn náà sán lágbedeméjì bí dígí fèrèsé ọkọ rẹ̀. "Ìbùkún ni fún Ọ, Olúwa Ọlọ́run wa, Ọba gbogbo ayé, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ìyanu fún àwọn baba wa láyé ọjọ́un, ní irú àkókò yìí."

"Àmín."

Rikla tan ti òní ṣáájú, ó sì ń bọ̀ wá sí ti àtẹ̀yìnwá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn méjèèjì jọ ń kùn ún sẹ́nu bó ti ń tàn wọ́n: iná wọ̀nyí, mímọ́ ni wọ́n, a kò láṣẹ láti lò wọ́n, àfi ká máa wò wọ́n. Fèrèsé náà mọ́lẹ̀. Níbi tí bébà wà, ìmọ́lẹ̀ náà rọ̀ bí Kalmen ṣe sọ.

"Ọlọ́run á san án fún yín," ni Dobe wí. "Ẹ sáré, ẹ lọ tan tiyín."

Rikla dé ẹnu ọ̀nà, kò jáde. Ó di ilẹ̀kùn mú.

"Dobe. Kalmen wà láyé."

Dobe yíjú kúrò lójú fèrèsé.

"Ilé Asher tó ń lọ ọkà ló wà, lódìkejì. Ibẹ̀ ló ti ń ṣe Ìsinmi. Shaye àti òun jọ dé etí odò láàárọ̀. Shaye gba òkè odò, níbi tó ti tóóró, ó ní àyà lòun fi wọ́ dé òdì yìí. Kalmen ní òun kò lè fi àyà wọ́ tòun ti dígí. Ó ní kí wọ́n sọ fún ọ kí o má dààmú."

"Nígbà wo ni Shaye dé?"

"Lọ́sàn-án. Ó kan ilẹ̀kùn rẹ, o ti lọ sí odò. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́."

"Lọ́sàn-án," ni Dobe wí.

"Mo wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ. Mo gbé ọwọ́ sókè. Mo padà. Mo tún wá. Mo fẹ́ kí o wá bèèrè, Dobe. Ọdún kan gbáko! Mo ní lónìí, òun ni yóò wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Nígbà tí mo wá rí ọ tí o ń bọ̀ láti odò bí adìẹ tí àṣá gbé ọmọ rẹ̀, ojú tì mí, ìtìjú náà sì dí mi lẹ́nu. Mo wá ń ha ìkòkò. Ìkòkò tó ti mọ́ ni mò ń ha."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Dobe rí gbogbo ọ̀sán náà lẹ́ẹ̀kan: ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kú, àdúrà rẹ̀, ìṣáná tó lọ síbi tí kò yẹ. Gbogbo rẹ̀ ti wà lẹ́nu obìnrin yìí, ní òdìkejì àgbàlá.

"Jáde."

"Dobe..."

"Jáde, mo ní! Lọ tan àbẹ́là rẹ!"

Rikla sáré jáde, bàtà rẹ̀ ń fọ́ yìnyín. Dobe ti ilẹ̀kùn, ó sì fi ọ̀pá há a.

Kalmen wà láyé. Ó yẹ kó jókòó, kó sunkún ayọ̀. Ó ń rìn. Láti tábìlì dé ààrò, láti ààrò dé tábìlì, ayọ̀ àti ìbínú ń ti ara wọn nínú rẹ̀ bí ewúrẹ́ méjì lẹ́nu ọ̀nà kan. Ó wá nǹkan tó máa fi ọwọ́ ṣe, kò sí. Ìsinmi ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iná Hánúkà sì ń ṣọ́ ọ. Ó di dandan kó wò ó. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó rí i pé iná yìí jó ní fèrèsé òun nítorí pé Rikla pẹ́. Ó rí i pé òun náà ló ṣe é tí ilẹ̀kùn òun fi le fún Rikla láti kàn. Ó wá bi ara rẹ̀ pé, bó bá jẹ́ Shaye ló wà lórí odò, tí ìròyìn rẹ̀ sì wà lẹ́nu òun, ṣé òun ì bá kan ilẹ̀kùn Rikla?

Wọ́n kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́.

"Mo ti tàn án," ni ohùn Rikla wí. "Mo bá oòrùn níbẹ̀. Ṣí i fún mi."

Ọwọ́ Dobe ti dé ara ọ̀pá kó tó rántí. Ilẹ̀kùn yẹn kọjú sí fèrèsé tààrà. Nígbà tí Rikla ṣí i jáde, Ìsinmi kò tíì wọlé bá a. Ní ọjọ́ Ìsinmi, a kì í ṣí ilẹ̀kùn tó kọjú sí iná tó ń jó; bí afẹ́fẹ́ bá wọlé pa á, bí ẹni pé ìwọ lo pa á ni.

"Mi ò lè ṣí i."

"O ò lè ṣí i, àbí o ò fẹ́?"

"Iná. Ó kọjú sí i."

"Òótọ́ ni," ni Rikla wí lóde. "Kò burú. Ìsinmi àlàáfíà o, Dobe." Bàtà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yìnyín lọ.

Ilẹ̀kùn mìíràn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ti ilé ìdáná. Lórí pẹpẹ níbẹ̀, ọ̀rá pẹ́pẹ́yẹ ọdún yìí wà nínú ìkòkò rẹ̀, aṣọ funfun ni Dobe fi bò ó, ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Dobe gbọ́ ìṣísẹ̀ kan, ó gbọ́ òmíràn. Ó fi ẹnu súnmọ́ ibi tí bébà wà lára fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ gba ilé ìdáná wọlé!"

Ìṣísẹ̀ dúró. "Ibo?"

"Ilé ìdáná!"

"Mèsáyà ńkọ́?"

"Òun náà lè gba ibẹ̀ tó bá dé!"

Nígbà tí Dobe ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, Rikla ń gbọn aṣọ rẹ̀ lórí yìnyín, ó gbọn apá, ó gbọn ìborí, ó yí po bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń wá kòkòrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí ṣọ́jà mú, ó sì wọlé.

"Wò mí dáadáa. Mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti ọ̀sán. Kò wọ̀ mí lọ́fun."

"Ẹ la ẹnu."

"Kí ni?"

"Ẹ la ẹnu, kí n wo eyín."

"Orí ẹ ti dàrú!" ni Rikla wí, ṣùgbọ́n ó la ẹnu. Dobe yọjú wo inú rẹ̀, bí ẹni tó ń ra ẹṣin. Ìgbà náà ni ẹ̀rín mú un, ẹ̀rín burúkú tó dà pọ̀ mọ́ ẹkún, ó fi ara ti ògiri kó má bàa ṣubú. Rikla kọjá níwájú ìkòkò ọ̀rá náà pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lókè, kò mí títí ó fi dé iyàrá.

Wọ́n jókòó níwájú fèrèsé, ọwọ́ wọn lórí ẹsẹ̀, kò sí iṣẹ́. Òkùnkùn ti ń wọ àgbàlá. Wọ́n gbọ́ odò tó ya aṣọ rẹ̀ lókèèrè, Dobe sì ta kìjí. Rikla gbé ọwọ́ lé e ní orúnkún.

"Ẹ̀rún yẹn já bọ́ o," ni Dobe wí.

"Kò já bọ́."

Dobe ṣe bí ẹni fẹ́ dìde. Lẹ́yìn náà ló jókòó padà, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó sì ń wo iná.